Súfèé Tó Wọ Àyà Mi ní Bépanda

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ fée ló ń bá yín fínra, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fa àga súnmọ́ mi díẹ̀. N kò ní kánjú. Ìgbà kan wà tí n kò lè so ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀ kí n tó dúró sinmi. Nísinsìnyí tí èémí ti padà sí mi lára, ẹ jẹ́ kí n ná an bó ṣe wù mí.

Télọ̀ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni mí nígbà tí mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sí Douala ní Kamẹrúùnù. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ fúnra yín ṣírò iye ọdún tí mo ti lò níbí. Èmi, òṣùwọ̀n aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n kà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Bépanda, láàárín ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe àti ìyá kan tó ń yan ẹja.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ki okùn bọ ìbàdí ṣòkòtò kan. Ìyàwó mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Débórà, gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé. Bó ṣe gbé abọ́ kalẹ̀ ló dúró, ó dẹ etí.

"Bàbá Débórà, ẹ̀rọ yín ń han. Ẹ fi epo sí i."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tó wà níwájú yín yìí ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún fíì, fíì?"

Mo wo ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mi kò sí lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì lọ, kò bọ̀. Mo di èémí mú, ariwo náà dákẹ́. Mo tú èémí sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àyà mi ló ń fọn súfèé. Àwa méjèèjì wo ara wa, la bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá Débórà ní, "Ó dáa náà, ẹ fi epo sí ọ̀fun yín." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò pẹ́ tó fi di ikọ́, ikọ́ náà kò sì fẹ́ tán. Ó gbà mí tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ fi tutù.

Mo mọ súfèé yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa gbé mi lé èjìká kí n lè mí. Nígbà tí mo fi máa pé bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, súfèé náà lọ, n kò sì gbọ́ ọ mọ́. Èmi rò pé mo fi í sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Kí n tó lọ jìnnà, nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ fi sápò, a máa tó padà mú un. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a wà ní Douala ní àṣà kan. Ẹni tó bá lọ sílé lópin ọdún kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Yóò gbé gààrí bọ̀, yóò gbé ẹ̀gúsí bọ̀, yóò sì gbé oògùn bọ̀. Ẹni tí oògùn kan bá ṣiṣẹ́ fún a máa rà á kún tirẹ̀ fún ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. A kì í ka èyí sí nǹkan kan bí kò ṣe ìfẹ́. Bí wọ́n bá mú oògùn bọ̀ fún ọ láti ilé, wọ́n rántí rẹ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Díákónì Gbádé, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ndogbong. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí orí àwa méjèèjì ṣì dúdú. Àìsàn ojú kan ń ṣe é, èyí tí ojú ń le láti inú, tó sì ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú kan ní Akwa ti sọ fún èmi náà pé ojú mi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kí n padà wá kó fún mi ní oògùn. Kí n tó padà lọ, Díákónì ti ilé dé, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí súfèé yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

"Télọ̀," ló wí, ó fa ìgò kékeré méjì yọ lápò. "Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Ẹ̀kán kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan nírọ̀lẹ́. Kí ni ìwọ tún ń wá lọ sí Akwa?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń kán an sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. N kò fo ọjọ́ kan.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ súfèé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, n kò lè kọ ẹsẹ orin kan parí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Díákónì á fi ìgúnpá gún mi: "Télọ̀, orin ń lọ, ibo lo wà?" Mo wà ní ìlà kejì, mo ń wá èémí. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, mo dúró. Bí mo bá tẹ̀ láti mú owú nílẹ̀, ó dà bíi pé ẹnìkan fi ọ̀já gbá mi láyà. Ẹ̀yin tó ti mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé èémí kò wọlé nìkan. Èyí tó wọlé gan-an ni kì í fẹ́ jáde. Òwúrọ̀ ló máa ń le jù, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ̀, tí mo ti kán ojú, tí mo ti múra.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn! Gbogbo ènìyàn ló di dókítà. Díákónì ní kí n máa jẹ orógbó. Màmá Débórà gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún mi, ó da ewé sí i, ó fi aṣọ bò mí lórí, ó sì ní n kò gbọ́dọ̀ jáde títí tí òun á fi ká ewúro tán nínú ọgbà. Ìyá tó ń yan ẹja, ọmọ Kamẹrúùnù, fi Pijin sọ fún mi pé ẹ̀pà inú ndolé, ọbẹ̀ ewúro wọn, ló ń dí mi láyà. Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi lórógbó, ẹ fún mi léwé, ṣùgbọ́n ẹ fi ndolé mi sílẹ̀." Wọn kò fi í sílẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni n kò fẹnu kan ndolé.

Ọmọ mi Débórà ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Douala la bí i sí, Faransé ló fi kàwé, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Akwa. Yorùbá rẹ̀ kò tó tèmi, Faransé tèmi kò tó tirẹ̀: tèmi tó láti ta ṣòkòtò, kò tó láti ṣàlàyé àyà. Ìlà gùn lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ti fi bàtà wọn sí ipò wọn, wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo kí bàtà kọ̀ọ̀kan kú ìdúró. Nígbà tó kàn mí, dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, ó ní ikọ́ fée ni. Ó kọ pọ́ǹpù kékeré kan fún mi, èyí tí a ń fà sẹ́nu. Ó bi mí bóyá mo ń lo oògùn mìíràn.

Mo ní rárá.

N kò purọ́ o. Lójú tèmi nígbà náà, oògùn ni ohun tó bá gba ọ̀fun lọ sí ikùn. Ohun tí mo ń kán sójú, ojú ló ni ín. Kí ló kan àyà?

Pọ́ǹpù náà kò jẹ́. Mo fà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ó kàn rọra rọ̀ mí lára díẹ̀, àyà á tún há. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí gbogbo ilé wá gbà pé bí oògùn ilé ìwòsàn kò bá jẹ́, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ Douala fúnra rẹ̀ ló ń lé mi lọ. Ìgbà òjò ti wọlé, ẹ sì mọ bí òjò Douala ṣe rí. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ mi. Àbúrò mi obìnrin, Àdùkẹ́, wà lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé fóònù náà ka orí tábìlì bí alága.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ wálé," ni Àdùkẹ́ wí. "Afẹ́fẹ́ ilé gbẹ. Òjò ibẹ̀ yẹn ló ń pa yín."

"Òjò tó ti ń pa mí láti àádọ́ta ọdún, kò tíì pa mí tán?"

"Papa, c'est trop, ó ti pọ̀ jù," ni Débórà wí. "Ògiri ilé gan-an ti hu irun nítorí ọ̀rinrin. Ẹ wò ó!"

"Ó kúkú san ju orí pípá mi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò yí ọkàn padà. Màmá Débórà kó abọ́ orí tábìlì jọ. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé. Bí mo bá parí ètò ọjà mi, màá wá bá yín." Bó ṣe sọ ọ́, kò wo ojú mi. Ní ọjọ́ kejì, Débórà ra àpótí aláwọ̀ búlúù kan, tó ní táyà lábẹ́, ó gbé e sí pálọ̀. Wọ́n mú ọjọ́ tí n óò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ̀rù ikú kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n ó lọ jókòó ní ìloro ilé tí àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti kú tán, kí n máa gbọ́ ohùn ìyàwó mi lórí fóònù. Ogójì ọdún ó lé ni a ti jọ ń jẹun. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá nídìí àpótí búlúù yẹn, súfèé àyà mi á le sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ. Débórà ní ká padà sí ilé ìwòsàn náà, kí wọ́n fún wa ní ìwé dossier mi, èyí tí wọ́n kọ àìsàn mi sí, kí n lè gbé e fún dókítà Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi jáde, n kò sì ráyè kán ojú nílé. Bí a ṣe jókòó sí ìlà, mo rántí. Mo fa ìgò Díákónì yọ lápò, mo gbójú sókè, mo kán ọ̀tún, mo kán òsì. Débórà ń wo fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn èèyàn, rí mi.

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, àyà mi bẹ̀rẹ̀. Ó há, ó tún há sí i. Súfèé náà ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré kan fi yọ orí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kó lè wo ẹni tó ń fọn fèrè. Débórà dìde, ó ń pariwo, "Papa! Papa!" Nọ́ọ̀sì náà ti dé ọ̀dọ̀ mi kí ó tó pariwo ẹ̀ẹ̀kejì. Ó na ọwọ́, ó fi Pijin sọ pé:

"Papa, ohun tí ẹ kán sójú lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e fún mi."

Ó ka ara ìgò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mú mi wọlé ṣáájú gbogbo bàtà tó wà lórí ìlà.

Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Wọ́n fi ìbòmú kan bò mí nímú àti lẹ́nu, èéfín tútù kan ń jáde níbẹ̀. Mo mí, mo mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bíi pé ẹnìkan ń tú ọ̀já ara mi ní ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, dókítà gbé ìgò náà sókè, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, Débórà ń túmọ̀.

"Papa, dókítà ní oògùn tó wà nínú èyí kò dáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ó ní òun ló ń há yín láyà."

"Ojú ni mo ń kán an sí!"

Dókítà bi mí bí n kì í bá rí ìkorò kan ní ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn tí mo bá ti kán an. Mo ronú. Lóòótọ́ ni. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń rí i. Ó ní ihò kékeré kan wà ní kọ́rọ́ ojú tó wọ inú imú. Ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó fi ń dé àyà.

Ó mú bébà, ó ya ọ̀nà èémí bí páìpù. Ó ya ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí i ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ẹran yìí kì í ṣe ti wa láti pàṣẹ fún bí a ṣe ń pàṣẹ fún ọwọ́. Iṣan kan ló ti ọpọlọ wá tó ń sọ fún un pé "fún un", kí páìpù náà há, bí eruku tàbí èéfín bá dé, kí wọn má baà wọlé. Iṣẹ́ mìíràn wà tí ara ń rán sí i nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ fún un pé "tú u". Láàárín fífún àti títú yìí ni a ti ń mí. Ní ara ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹran náà máa ń gbọ́ "fún un" kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ.

Mo fò dìde. "Okùn ṣòkòtò ni!"

Débórà wò mí. "Papa, ẹ jókòó."

"Sọ fún un! Sọ pé okùn ìbàdí ṣòkòtò ni. Bí o bá fà á jù, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè mí. Bí o bá tú u jù, ó di ti ìtìjú."

Débórà túmọ̀ rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní àlàyé òun kò dáa tó tèmi. Ó wá ní oògùn inú ìgò Díákónì di etí ẹran náà, tí kò fi gbọ́ "tú u" mọ́. "Fún un" nìkan ló ń gbọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù kò fi jẹ́: "tú u" ni pọ́ǹpù náà ń sọ, sí etí tó ti di. Èéfín tútù tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Òun lọ bo ẹnu iṣan tó ń sọ pé "fún un."

Mo fi Faransé ọjà mi bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé kí n kúrò ní Douala?"

Kò dúró de Débórà kó túmọ̀. "Non, Papa. Ìgò yìí ni kó kúrò."

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣàìsàn ojú. Kò ní kí n fi ojú mi sílẹ̀. Ọjọ́ kan náà ló kọ ìwé fún mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Akwa. Bensikin, ọ̀kadà ti ibí, ni mo gùn débẹ̀, àpò ìwé lórí itan mi, mo ń kọrin létí ọlọ́kadà. Dókítà ojú fún mi ní oògùn irú mìíràn tí kò ní í bá àyà mi jà, ó sì kọ́ mi pé bí mo bá ti kán an tán, kí n dijú, kí n fi ìka tẹ kọ́rọ́ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìgbà díẹ̀, kí oògùn lè dúró níbi tí a rán an sí.

Ó wá ku Díákónì. Bí n óò ṣe sọ fún un ni n kò mọ̀. Mo lọ bá a ní Ndogbong, láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó jókòó lórí táyà kan.

"Télọ̀. Èmi ni mo fẹ́ pa ọ́?"

"O kò pa mí. Ìfẹ́ lo fi fún mi. Èmi ni n kò sọ fún dókítà."

"Orógbó tí mo ní kó o jẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan ni n kò dárí rẹ̀ jì ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ pé kí wọ́n máa pín gààrí, kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ fún ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún. Àti pé bí dókítà bá bi wá ohun tí à ń lò, ká ka gbogbo rẹ̀, ti ojú, ti etí, ti àgúnmu, ti ìpara.

Bí mo ṣe wà báyìí rèé. Ikọ́ fée kò kúrò lára mi pátápátá, ẹran àyà mi ṣì máa ń tètè gbọ́ "fún un." Mo ní pọ́ǹpù tí mò ń fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àti èyí tó wà lápò mi fún ìgbà tí àyà bá há lójijì. Ó sì ń jẹ́ báyìí. Ìyá tó ń yan ẹja ti gbé ààrò rẹ̀ sí apá kejì fún mi nítorí èéfín, ó sì ń bu ndolé fún mi, ẹ̀pà kún inú rẹ̀ dọ́ba. Mò ń kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ń rọ̀ lórí gbogbo wa.

Àpótí búlúù náà ńkọ́? Mo fi yá Díákónì nígbà tó ń lọ sílé lópin ọdún. Nígbà tó dé, ó fà á wọ pálọ̀ wa, ó ṣí i. Gààrí ló kún inú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, mo fa ọ̀rá kékeré kan yọ, ìgò wà nínú rẹ̀. Mo wo Díákónì. Díákónì já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Oògùn orúnkún mi ni! Tèmi ni! Télọ̀, má fọwọ́ kàn án!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di àga mú. Màmá Débórà yọ láti ilé ìdáná, ó dúró, ó dẹ etí, gẹ́gẹ́ bó ti dẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kìíní.

"Bàbá Débórà, ẹ tún rẹ́rìn-ín."

Mo tún un rín.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí, ó bu gààrí sí abọ́, ó sì lọ gbé omi kaná.